Mo Ná Ọkọ̀ Ara Mi Wálẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí ẹ kò jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àlàáfíà kò ní jìnnà sí ilé yín. Ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé, ire ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò sì ní fi ojú burúkú wò ọ́ láé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wọn le, ojú náà ló ṣì wà bó ṣe wà. Òrùlé ilé ìdáná ti tún ń jò, ewúrẹ́ ìyá aránṣọ sì ti bí ìbejì, wọ́n ń sùn sí ẹnu ọ̀nà wa bíi pé àwa la bí wọn. Ìròyìn ilé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe ilé ni mo ti ń kọ ìwé yìí.

Inú yàrá àlejò àwọn tó ń ta ọkọ̀ ni mo jókòó sí. Àga wọn rọ̀ débi pé ènìyàn á rì sínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù sì dojú kọ mí lókè bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Wọ́n gbé omi wá, mi ò mu ún. Mi ò fẹ́ gba oore kankan lọ́wọ́ wọn títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wa wà nínú àpótí tábìlì ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn, Onítáì ni mo ń pè é, ó sì ti ti àpótí náà pa.

Bí o bá ti ń pè mí láti àárọ̀ tí kò lọ, má bínú. Mo ti pa fóònù mi, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo fi áńkáṣíìfù dì í, mo sì kì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé owó tí o fi ránṣẹ́ ti wà nínú fóònù mi. Bí mo ṣe wọlé síbí báyìí, Onítáì yọ fóònù tirẹ̀, ó ní òun fẹ́ bi í léèrè iye tí irú ọkọ̀ wa ń lọ, fóònù náà sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Fóònù tí kò rí ọkọ̀ wa rí! Ta ló sọ fún un, bí kì í bá ṣe pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa? Mo ní tèmi kò ní sọ iye tí a ní fún tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé. Awakọ̀ tó ń kó èrò lọ sọ́dọ̀ yín wà níwájú ilé ìtajà níbí, ó ní òun á bá mi mú un dé ẹnu ọ̀nà rẹ.

O mọ ohun tó wà ńlẹ̀. Mọ́ńdè ni dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú bàbá rẹ, ọjọ́ tí a ti ń dúró dè láti ọdún tó kọjá. Bí a bá pàdánù rẹ̀, a tún di ẹ̀yìn ìlà nìyẹn. Ọkọ̀ wa sì ti kú mọ́ wa lójú ọ̀nà nígbà méjèèjì tí a lọ kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó ń lọ sóko ló bá mi tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bàbá rẹ jókòó sínú rẹ̀ bí ọba, wọ́n ń bi mí pé ṣé a ti dé ọsibítù. O ní kí n fi ọkọ̀ àtijọ́ lé orí owó tí o fi ránṣẹ́, kí n fi gba èyí tó dára. Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí o ní lo fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ka ọkọ̀ wa sí nǹkan gidi, a ó rí ọkọ̀ gbà. Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, mò ń padà sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn.

Bàbá rẹ tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Láàárọ̀ tí mò ń fọ ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa iwájú rẹ̀, wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo dé bí mo bá gbé òmíràn bọ̀. Mo ní màá pè yín. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè pe èèyàn, fèrè ọkọ̀ yìí ni àwọn mọ̀. O rántí fèrè náà, tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Láti ìgbà tí ojú wọn ti ṣókùnkùn, bí mo bá ti fọn ọ́n lẹ́ẹ̀méjì níbi kọ́nà, wọ́n á ti dìde lọ ṣí géètì kí n tó dé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ń ṣe fún mi nìyẹn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo ní ojú là ń wá, ẹ ń sọ̀rọ̀ fèrè.

Nígbà tí mo débí, Onítáì yí ọkọ̀ wa po, ó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó bi mí bóyá ó ní àléébù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó fi àléébù ọjà pamọ́, kí ló fi sàn ju olè? Mo ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí àfi tí a bá fi ìdí tì í, pé ó máa ń mu omi bí ẹni jẹ iyọ̀, pé gíláàsì apá òsì ti gòkè láti ìgbà tí o wà ní iléèwé kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Mo ní o bì sórí àga ẹ̀yìn nígbà tí o wà lọ́mọdé, a fọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, ènìyàn á mọ̀. Ó ní Màmá, ó ti tó. Mo ní kò tíì tó, mi ò tíì dé abẹ́ rẹ̀.

Ó wá béèrè lọ́wọ́ fóònù, ó ní àwọn á ka ọkọ̀ náà sí mílíọ̀nù méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Láti ìgbà tí mo ti ń ra ọjà, bí ẹnikẹ́ni bá dá owó lé nǹkan níwájú mi, ẹnu mi kì í bi mí kó tó dáhùn. Mo pariwo pé ó ti wọ́n jù, pé kí ló wà lára ẹ̀, pé kó jẹ́ mílíọ̀nù kan. Onítáì wojú mi. Ó ní Màmá, ṣé ó dá yín lójú? Mo ní bí kò bá gbà, mò ń lọ. Ó ní òun gbà, kò tiẹ̀ jà rárá, ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn! Mo ti ń tún báàgì mi gbé bí ẹni tó rí ọjà rà ní gbàǹjo, kí n tó rántí pé èmi ni mò ń tà.

Ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ. Mo ní kó dá a padà sí méjì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní bí èyí bá fọ́, bàbá arúgbó kan ni kò ní ríran. Ó ní òun á lọ bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ wa mọ́ inú tábìlì, ó sì wọlé lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti wà níbí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọmọbìnrin tó ń dá àlejò lóhùn ń wò mí tàánú-tàánú. Orí báàgì ni mo ti ń kọ ọ́, má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí. Ó ń bọ̀, jẹ́ kí n dákẹ́ ná.

Mo ti padà dé. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, dúró. Onítáì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ọ̀gá òun ní nítorí ọjọ́ orí mi, kí wọ́n dá a padà sí mílíọ̀nù méjì. Mo dìde, mo gbàdúrà fún un, mo gbàdúrà fún ìyá tó bí i, mo tiẹ̀ mu omi wọn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá buwọ́ lùwé. O ti kọ́ mi pé kí n máa wo nọ́ńbà kí n tó buwọ́ lù ú, mo sì wò ó. Iye tó pe ọkọ̀ tí mo fẹ́ gbà láàárọ̀ ti sanra sí i! Iye tó fi kún tiwa gẹ́ẹ́ ló fi kún tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi fún mi, ọwọ́ òsì ló fi gbà á, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo bi í bóyá ó ní ìyá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ ń ríran. Ó ti bírò sọ́dọ̀ mi.

Mo ní kó ya ìwé yẹn. Mo ní èmi ò ní ọkọ̀ kankan tí mo fẹ́ tà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá, èló ló ń ta tirẹ̀? Ó ní ṣùgbọ́n Màmá, ọkọ̀ yín ló wà níta yẹn. Mo bi í pé èwo. Ó tọ́ka sí i. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó wá pe iye tó pè láàárọ̀, ibí yìí sì ni ẹnu mi ti wúlò. Mo ná an, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, mo ní kò tíì dé ibi tó yẹ, ó ní ó parí. Mo gbé báàgì, mo ń lọ, mi ò bojú wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ bí kò bá pè mí padà, kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ, kọ́kọ́rọ́ wa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dé ẹnu géètì, kò pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń so okùn bàtà mi, bàtà tí kò ní okùn. Ìgbà yẹn ló tó pariwo pé kí Màmá padà wá.

Nígbà tí a fẹnu kò lórí tirẹ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo rí i, mo ní ó jọ pé mo rántí ọkọ̀ kan níta. Mo ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ó ṣí tábìlì, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kí n jí i, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọlá Ọlọ́run ni. Onítáì dúró lórí mílíọ̀nù méjì. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì: owó rẹ tó, ó ṣe rẹ́gí. A rí ọkọ̀, ọmọ mi!

Ó yẹ kí ìwé yìí parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lọ kó ẹrù mi jáde nínú ti àtijọ́. Mo kó agbòjò, mo rí ẹsẹ̀ bàtà bàbá rẹ kan tí a ti ń wá tipẹ́. Mo ní kí n jókòó díẹ̀ sídìí ọkọ̀ ná. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi fọn fèrè náà lẹ́ẹ̀méjì. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Kò sí ẹni tó dìde lọ ṣí géètì. Ni mo bá bú sẹ́kún níwájú Onítáì, bí ọmọdé.

Mo ní kí wọ́n tú fèrè náà, kí wọ́n dè é mọ́ èyí tuntun. Onítáì ní ti tuntun dùn ju ìyẹn lọ. Mo ní ta ló ń wá èyí tó dùn? Bí dókítà bá rí ojú wọn ṣe, wọ́n á rí ọkọ̀ náà. Bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á gbọ́ ọ. Ó ní wọ́n ti ka fèrè mọ́ ọkọ̀, bí mo bá mú un lọ, owó á dín, mẹkáníìkì àwọn á sì gba owó iṣẹ́. Láàárọ̀ tó ń wo ọkọ̀, kò tiẹ̀ dárúkọ fèrè. Ó sì pe owó lé e. Ọmọ mi, mi ò ná an. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, owó fèrè ló kù. Onítáì ti kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí, títí di Sátidé ló sì máa fi bá wa pa ọkọ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, kó o fún awakọ̀ yìí, ọ̀la ló ń padà bọ̀. Wé e dáadáa, kó o sọ fún un pé oògùn ojú ni. Bí ọwọ́ rẹ bá tún gbà á, fi ti òrùlé ilé ìdáná kún un. Má bínú pé mo fi owó rẹ ra ariwo.

Ọlọ́run yóò dá ọ lọ́lá. Ibikíbi tí o bá ń bọ̀, wọn yóò ti òkèèrè mọ ohùn rẹ, wọn yóò sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún ọ kí o tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣì wà nínú òtútù wọn.