Ebè Mi Tí Òyìnbó Fi Àpótí Wò

Sùlè ọmọ mi ní Komah ní Sokodé,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé tí o wọ̀ sí, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń kírun. Ṣé ara le? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oúnjẹ Sokodé mú ọ gbàgbé ọ̀nà Kambolé ilé wa, àmín. Àwa náà wà, alihamudulilahi. Àlùfáà Tìjání ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti sọ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò.

Ọmọ mi, bàbá rẹ ti di èèyàn ńlá! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sójà kan wá láti Tchamba, ó ní òyìnbó Jámánì ń bọ̀ wá wo oko etí ọ̀nà, ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù yóò gba ẹ̀bùn. Háà! Ta ni yóò gbà á bí kò ṣe èmi? Mo ti gbin eèbù sínú ebè nígbà yẹn, iṣu tí a fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó Jàríátù àbúrò rẹ, a sì ti kó ewé gbígbẹ bo orí ebè bí a ti ń ṣe kí oòrùn má baà pa á. Ṣùgbọ́n ewé yẹn rí wúruwùru lójú mi. Ṣé nǹkan tí a ó fi han òyìnbó nìyẹn? Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù, èmi àti ìyá rẹ sì fọwọ́ ra ebè títí ó fi ń dán. Hàrúnà tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà kò kó ewé tirẹ̀ kúrò. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní ebè rẹ̀ dà bí orí wèrè.

Òyìnbó dé. Sùlè, ká ní o wà níbẹ̀! Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kalẹ̀, ó fi aṣọ dúdú borí, ó ń ti inú rẹ̀ wo ebè mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣu abẹ́ ilẹ̀ ló ń wò. Ó yọrí, ó fún mi ní fìlà pupa tó ní wájawàja. Òun ni mo dé lọ kí Jímọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé kí gbogbo èèyàn lè rí mi.

Nígbà tí àkókò iṣu tuntun tó, mo wa ebè kan, erùpẹ̀ lásán. Mo wa òmíràn, bákan náà. Ràbíátù ìyá rẹ ní oòrùn ló ti se eèbù mọ́nú ilẹ̀ látìgbà tí mo ti tú u síhòòhò, pé kí n bọ́ fìlà wá kí òun gún un níyán. Obìnrin ò mọ nǹkan! Ṣé òyìnbó yóò máa rẹ́rìn-ín sí ebè tí kò sí iṣu nínú rẹ̀? Àpótí yẹn ló kó o. Inú mi dùn kọjá sísọ, iṣu tèmi ni wọ́n ń jẹ ní Jámánì!

Ohun tó kù nìyí. Àwọn àna wa láti Koussountou ń bọ̀ wá so yìgì Jàríátù bí oṣù tuntun bá lé, a kò sì ní iṣu kan nílé. Ti Hàrúnà kún abà, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n ó fi tọrọ? Jọ̀wọ́, lọ bá òyìnbó náà ní Sokodé níbi tó ń gbé, kí i dáadáa, kó dá díẹ̀ padà fún wa nínú iṣu inú àpótí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bó bá ní iṣu náà ti lọ sí Jámánì, fi owó rẹ rà á lọ́jà, kí o sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé, kí wọ́n má rí i pé èmi náà ń ra iṣu jẹ.

Ọlọ́run yóò ṣínà fún ọ, yóò fún ọ láya rere, ẹrù kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́nà.

Èmi ni Dáúdà bàbá rẹ, ọ̀gá àgbẹ̀.

Jàríátù dúró tì wá bí a ti ń kọ ọ́. Ó ní kí Àlùfáà fi kún un pé: ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.