Omijé Ojú Òsì Bàbá

Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Omi tún ń dà lójú òsì Bàbá nídìí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi Sorbon — Ọ̀gágun ni mò ń pè é níbí, àṣẹ ni ṣáá — ní kí n gbé àwo zardolu kúrò níwájú wọn. Ó ní èso yẹn ló ń rán wọn létí Màmá. Mo gbé e. Ọdún kejì rèé tí Màmá ti kú, omijé yìí ò dá.

Rírú, 5
Bàbá jí, ipin ti lẹ ojú òsì wọn pa. Ọ̀la, ilé ìwòsàn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ilé ìwòsàn ní ìlú Khujand. Dókítà Zulayho, ọmọdé, ohùn líle. Ó kán aró aláwọ̀ ìyeyè sójú méjèèjì, ó ní kí Bàbá má nujú. A dúró. Ó tan iná búlúù. Ojú ọ̀tún ti mọ́ tónítóní. Ti òsì — aró ṣì kún un dẹ́múdẹ́mú, ó ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó ní ihò tí omijé ń gbà lọ sínú imú ti dí. "Bàbá, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń sunkún báyìí?"

"Ta ló ń sunkún? Ojú ló ń jò bí òrùlé àtijọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo wí fún àwọn ọmọ mi títí. Wọ́n ní mò ń fi ìbànújẹ́ pamọ́ ni."

Òótọ́ ni, Bàbá wí i fún wa. Àwa ń gbá wọn léjìká pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Etì, 7
Nítorí omijé yẹn la ṣe ta ilé Bàbá àti Màmá ní ìlú Istaravshan. Ọ̀gágun ní ilé náà ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Onílé tuntun ti gé gbogbo igi tí Màmá gbìn.

Àìkú, 9
Mo sọ ohun tí dókítà wí fún Ọ̀gágun. Kò pàṣẹ kankan.

Ìṣẹ́gun, 25
Iṣẹ́ abẹ. A dúpẹ́.

Àìkú, 14 oṣù Keje
Ojú ti gbẹ. Mo ní ṣé kí n fi ọkọ̀ gbé Bàbá lọ sí Istaravshan. "Lọ ṣe kí ni? Ilé onílé."

Wọ́n bu búrẹ́dì. "Oyniso máa ń kọrin tó bá ń lẹ búrẹ́dì mọ́ ògiri inú ààrò láti yan án. O rántí?"

Orúkọ Màmá! Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè é látọjọ́ yìí.

"Ẹ̀yin ni. Bí mo bá ti lanu, ẹ ó yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbọ́."

N ò rántí orin náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dánu dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn.