Ìwé Tó Há Sínú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Krofrom, Kumasi

Ọdúnọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà? Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Èmi ni oorun kì í kùn.

Ní ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níkàáwọ́ mi, tí o ń tìtorí rẹ̀ pè mí lójoojúmọ́, Kwame tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Asafo ti tú u wò. Ó ní, “Ei, Baba! Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú lẹ tẹ orin sí? Ó nípọn jù!” Àjákù rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ ló há sábẹ́ rólà tó ń fa ìwé wọlé. Ó yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá.

Síbẹ̀, mo ṣì ń sọ fún ọ pé ìwé há, kí o má baà ṣíwọ́ pípè. Dárí jì mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín. Jọ̀wọ́, máa pè mí, kódà bí nǹkan kan kò bá bàjẹ́.

Bàbá rẹ,
Alfred