Igi Mẹ́rin Tí O Ní Kí N Kàn fún Adìẹ

Igbemo-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Ọpẹ́yẹmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. N kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí náà bí àárọ̀ ni, káàárọ̀, bí ìrọ̀lẹ́ ni, kú ìrọ̀lẹ́, bí ó bá sì jẹ́ ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e fún ọ, kí o ká a sápò, má kà á lójú ọ̀gá rẹ, nítorí inú ń bí mi, yóò sì hàn nínú rẹ̀. Ọlọ́run tó mú wa rí Àjíǹde ọdún yìí yóò mú wa rí èyí tó ń bọ̀. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀nà tí ò ń gbà lójoojúmọ́ kò ní ṣe ọ́ ní jàǹbá. Mo kí Dùnmínínú ìyàwó mi, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni èmi wà, àfi orúnkún, ìwọ náà sì mọ̀ nípa ìyẹn. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó ń gbin ìrẹsì ti ń ro ilẹ̀. Fádà wa tuntun ń yára wàásù bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Akínwálé awakọ̀ tí ń na ọ̀nà Èkó láti gáréèjì Fájuyì ló ń mú ìwé yìí bọ̀, kí o fún un ní omi tútù.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí o ra fóònù olójú ńlá fún mi. Fóònù náà ti kú, n ó sì sọ bí ó ṣe kú fún ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí dókítà Adó ní kí n yé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí orúnkún mi, ọjọ́ náà ni ìwọ náà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òfin. O ní adìẹ mọ́kànlá àti àkùkọ kan yìí ló fẹ́ pa mí lẹ́sẹ̀, pé ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ wọ abẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé láti lọ kó imí wọn. O ní bí mo bá lè kan ibùwọ̀ tí n ó máa tún ṣe lóòró, kí n máa sìn wọ́n lọ, ṣùgbọ́n bí n kò bá lè ṣe é, ní Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde o ó gbé mọ́tò wá, a ó ta adìẹ, a ó ti ilẹ̀kùn, mo di ará Èkó. Mo ní mo ti gbọ́. N kò fẹ́ di ará Èkó, ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí o wí, ohun tí o wí náà ló sì dà mí láàmú tó báyìí.

O kọ́kọ́ fi ohùn rẹ ránṣẹ́. O ní, Màámi, ẹ kú ilé, mo dáhùn pé o ṣeun, báwo ni àwọn ọmọ, o kò dúró gbọ́, o ti já lu ọ̀rọ̀ mi, ò ń sọ̀rọ̀ adìẹ lọ. Mo tún un tẹ̀, o tún kí mi, mo tún dá ọ lóhùn, o tún já lu ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá ọ lóhùn kí n tó fi ọ́ sílẹ̀. N kò tọ́ ọ báyẹn. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kò dára fún adìẹ, pákó tó fẹ̀ ló dára, kí wọ́n lè fi àyà bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn bí òtútù bá ń mú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti bí ọ, n kò gbọ́ kí o bèèrè ọmọ ìka ẹsẹ̀ tèmi rí.

Lẹ́yìn náà o wá kọ ọ́ sílẹ̀, o sì fi àwòrán ilé adìẹ kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ti kíkọ, nítorí mo ka ìwé mẹ́fà jáde, mo sì ti rí i pé ò ń máàkì ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá kọ nǹkan sí ọ, fóònù á fún mi ní gúùdù kan, tó bá yá á di méjì, tó bá pẹ́ díẹ̀ á di aláwọ̀ búlúù. N kò tíì kùnà rí, inú mi sì máa ń dùn sí i. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé o kọ 2 x 4 sí ọ̀rọ̀ igi náà, ó yé mi kedere. O kọ èjì, o rí i pé o ti ṣì í, o fi àmì ìkùnà lé e, o wá kọ ẹ̀rin. Mo tilẹ̀ yìn ọ́ lọ́kàn mi pé o kò tijú láti fagi lé àṣìṣe ara rẹ. Mo pe Akínọlá káfíńtà, mo ní ọmọ mi ní igi mẹ́rin.

Mo sọ fún un pé o ní kó fẹ̀. Ó ní bí igi bá máa pé mẹ́rin nínú ilé tó kéré tó yìí, àfi tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kí òun rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Mo ṣí i fún un, ó yọ téèpù, ó gbé e lé ojú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn igi tó wà nínú rẹ̀. Ó wọn ti ìsàlẹ̀ tán, ó kọ ọ́ sára pákó. Bó ṣe fẹ́ wọn ti òkè, àtàńpàkò rẹ̀ méjèèjì kan gíláàsì, àwòrán náà wú. Ó wú débi pé adìẹ kan ṣoṣo gba gbogbo ojú fóònù. Akínọlá wò mí, èmi náà wò ó. Ó ní ó jọ pé ọmọ yín ló ń tún un ṣe láti Èkó. Mo ní yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́ sí ẹni tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ni ó bá wọn èyí tó wú mọ́ èyí tí kò tíì wú. Ibi tó ti ń fi pẹ́ńsù sàmì sójú gíláàsì ló ti tẹ̀ ẹ́ jù, gíláàsì là, iná inú rẹ̀ kú. Bí fóònù ṣe kú nìyẹn.

Nígbà tó kàn án tán, igi kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, gbogbo adìẹ ló fẹ́ igi òkè. Wọ́n ja ìjà títí, àwọn tó lágbára gòkè, àwọn tó kù wà nísàlẹ̀, àwọn tòkè sì ń sú sí wọn lẹ́yìn. Ilẹ̀ mọ́, n kò dá àwọn funfun méjì mọ̀ mọ́. Àkùkọ bẹ́ sílẹ̀ láti abẹ́ páànù, ó ń tiro. Èmi náà ń tiro. A jọ ń tiro kiri àgbàlá, àwọn ọmọ tó ń lọ pọnmi ń kí wa kú ìrìn. Imí tó wà lórí igi méjì tẹ́lẹ̀ ti wà lórí mẹ́rin báyìí, kí n sì tó lè dé ti ìsàlẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Mo bá lọ bá Akínọlá nílé rẹ̀. Ó ní òun kọ́, ìwọ lo ní mẹ́rin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ọ̀pá kọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, èjì, àmì ìkùnà, ẹ̀rin. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó wá ibi jókòó sí. Ó ní tù-báì-fọ̀ nìyẹn, orúkọ pákó ni, kò sí káfíńtà tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní ulé adìẹ ni mo pe òun wá kọ́, n kò pe òun wá kọ́ ulé ìwé. Ọpẹ́yẹmí, ta ló ń fi àmì ìkùnà sí àárín orúkọ pákó? O kò lè fi lẹ́tà kọ ọ́?

Mo ní kó yọ gbogbo igi náà dànù. Mo dúró lóòró nínú ilé adìẹ, mo na ọwọ́ láìbẹ̀rẹ̀, mo ní kó fi ìṣó sàmì sí ibi tí ọwọ́ mi dé. Ibẹ̀ ló kan tábìlì gígùn kan sí, ó fi páànù pẹlẹbẹ bò ó, mo da èèpo ìrẹsì sí i. Lókè tábìlì náà díẹ̀, ó gbé tù-báì-fọ̀ kan ṣoṣo dábùú, fífẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, ó fá etí rẹ̀ kó má bàa ge wọ́n lẹ́sẹ̀. Kò kàn án ní ìṣó. Ihò ló gbẹ́ fún un lọ́tùn-ún lósì, kí n lè máa yọ ọ́ síta sínú oòrùn, kí kòkòrò ara adìẹ má fi í ṣe ilé. Ó gbé pákó kan dagun tí wọn ó máa gùn gòkè. Nísinsìnyí kò sí tòkè, kò sí tìsàlẹ̀, àwọn méjèèjìlá tò sórí ẹyọ kan náà, ìjà tán. Láàárọ̀ n ó gbé bókẹ́ẹ̀tì ka orí àga, n ó fi ọkọ́ kékeré wọ́ imí àti èèpo ìrẹsì sínú rẹ̀, ó di ìdí ẹ̀fọ́. Kí n tó ka Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá tán, mo ti ṣe é, n kò sì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn Máàsì, Dùnmínínú pè mí lórí fóònù Akínọlá. Mo ròyìn ibùwọ̀ fún un títí ẹnu fi ń ro mí. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi, ṣùgbọ́n àwọn ti kun yàrá mi lọ́dà ní Èkó, o ṣì ń gbé mọ́tò bọ̀ ní Sátidé. Mo ní adìẹ mi ńkọ́. Ó ní o ti bá ẹni tó máa rà wọ́n sọ̀rọ̀ l'Ádó. N kò bínú sí i, iṣẹ́ tí o rán an ló jẹ́. Ṣùgbọ́n kí wá ni mò ń kan igi sí láti ọjọ́ yìí? Ó dùn mí, Ọpẹ́yẹmí. Ti fóònù kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Fi owó iṣẹ́ Akínọlá rán Akínwálé sí mi, kí o fi ti gíláàsì fóònù kún un. Má ṣe fi í sí báǹkì. Ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì náà kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ ìbí mi, ó pè mí ní ọ̀wọ́n, ó kí mi dáadáa, ìwọ kò kí mi. Mo dá a lóhùn, mo gbàdúrà fún un pé kó rí ọkọ rere fẹ́, láti ìgbà náà kò fèsì. N kò mọ̀ bóyá ó ti lọ́kọ tẹ́lẹ̀, ojú sì ń tì mí láti débẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ rí. Nígbà tí o wá síbi ìsìnkú bàbá Kọ́láwọlé aládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá, òtẹ́ẹ̀lì Adó ni o wọ̀ sí. O ní ooru ń mú nínú ilé wa, ibùsùn sì le. Mo ti gún iyán sílẹ̀ dè ọ́, ó tutù, láàárọ̀ mo bù ú fún adìẹ. Ilé tí ìwọ kò lè sùn mọ́jú ọjọ́ kan ṣoṣo ni o fẹ́ wá tì pa, kí èmi máa lọ sùn ní tìrẹ títí n ó fi kú.

Máa bọ̀ ní Sátidé o. Ọlọ́run yóò ṣáájú rẹ, yóò tẹ̀lé ọ lẹ́yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ kò ní gbọ́ ariwo. Ẹni tó fẹ́ ra adìẹ, fi í sílẹ̀ l'Ádó níbi tó wà. Mo ti sá mátíràásì rẹ sóòrùn. Kí o sùn nílé mọ́jú, kí o jí láàárọ̀, kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ kí o máa wò mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o gbé mi lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì lọ sí Èkó,
Monínúọlá.