Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tí Mo Ní Kí O Fi Fọ Òkúta

Àgùdà, Sùúrùlérè,
9 March, 1994.

Jemilat ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rilwan ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ tún ń ru, ojú rẹ̀ kò sì ríwèé kà mọ́. Àlíyù àbúrò rẹ kò tíì ríṣẹ́.

Rilwan sọ fún mi lórí fóònù pé ìyá òyìnbó tí o ń tọ́jú ilé fún ti dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí òkúta dídán orí tábìlì ìdáná rẹ̀ tó bàjẹ́. Èmi ni mo kọ̀wé sí ọ pé kí o fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bo àbàwọ́n funfun tí omi dá sórí òkúta náà mọ́jú, kí o wá fi kànrìnkàn onírin ha á. Bí a ṣe ń fọ kẹ́tùlù wa nìyẹn. Mo rò pé ohun tí irin gbà, òkúta á gbà á.

Ọláníyì tó ń ṣe ilẹ̀ olókùúta dídán, tẹràsò, ní Sábó ní, “Màmá, ẹ ti fi omi kíkan bó òkúta náà láwọ̀ nìyẹn.” Ó ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ló yẹ, kí a máa nu omi kúrò kó tó gbẹ síbẹ̀. Fi í sọ́kàn de iṣẹ́ mìíràn tí Ọlọ́run yóò pèsè.

Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Oṣù mẹ́rin rèé tí o ti kọ̀wé kẹ́yìn, bàbá rẹ sì ń bèèrè lójoojúmọ́. Bí o bá ṣì ń bínú, kọ lẹ́tà náà sí òun nìkan. Èmi náà ni yóò ṣáà ní kí n kà á fún òun.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Ìyá rẹ,
Sìdíkàt