Need àti Needle Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwa àgbà. Tíṣà kọ need sójú pátákó, ó ní ìyẹn ni kéèyàn nílò nǹkan. Ó kọ needle sábẹ́ rẹ̀ — abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, needless. Èmi télọ̀ yára nawọ́: ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní rárá o, ohun tí kò pọn dandan ni. Ó ní need àti needle kàn jọra lójú ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.
Nítorí Adákẹ́ ni mo ṣe ń forí ṣe fọrùn ṣe — ìyàwó ọmọ mi, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ èdè tiwọn. Láti ìgbà tí mo ti wá bá wọn gbé, "good morning" àti "thank you" ló ń lọ ló ń bọ̀ láàárín wa.

Ọjọ́rú, 6
Mo fẹ́ da ìdọ̀tí ilé ìwẹ̀ nù. Abẹ́rẹ́ ọsibítù ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ni Adákẹ́ ń gún sára? Ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn títí di oṣù tó ń bọ̀. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, pàápàá lẹ́nu ìyá ọkọ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mò ń ṣọ́ apá rẹ̀. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀. Hẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Nírọ̀lẹ́, Adákẹ́ kan ilẹ̀kùn mi. "Mama, I need—" Ẹkún gbà á lẹ́nu. Needle ni èmi gbọ́. Kíá, mo gbé agolo abẹ́rẹ́ mi fún un: ti ọwọ́, ti ẹ̀rọ, títí kan èyí tí mo fi ń rán awọ. Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín — n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí! — ẹ̀rín náà sì tún di ẹkún. Ó fà mí lọ sí yàrá wọn. Oògùn nínú fìríìjì kékeré, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Ó fọwọ́ kan ikùn. "Baby." Ìyẹn ò gba tíṣà.
Mo pe ọmọ mi. Ó ní òun ló máa ń gún un fún un. Láti ìgbà tóun ti lọ, Adákẹ́ ló ń gún ara rẹ̀. Lónìí, kò lè dá a ṣe mọ́. Ó wá ní:
"Màámi, ẹ má bínú. A ò fẹ́ kí ẹ máa retí ohun tó lè má bọ́ sí i."
Mo ní, "Ta ló ń bínú? Sọ bí wọ́n ṣe ń gún un fún mi."
Láti kékeré ni mo ti ń fabẹ́rẹ́ gún aṣọ. Aṣọ kì í mí. Ikùn rẹ̀ ń mí. Mo dúró títí ó fi mí jáde, mo wá tì í wọlé. Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10
A ti gún tòní. Ó kọ́ mi ní pins and needles: bí ẹsẹ̀ bá kú téèyàn wá dìde. Èmi náà kọ́ ọ ní "pẹ̀lẹ́". Gbogbo nǹkan ló ń kí ní pẹ̀lẹ́ báyìí, títí kan àga.

Ọjọ́bọ̀, 21
Dókítà ti fi ọlẹ̀ tí wọ́n ṣe níta ara sínú rẹ̀. Ó ku ìrètí.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹrin
Kò dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Ọmọ mi ti dé. Òun àti Adákẹ́ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kíṣíìnì. Mo gbọ́ need. Mo gbọ́ time. Mo gbọ́ Mama. Ó yé mi. Tọkọtaya tí inú wọn bàjẹ́ ò fẹ́ ẹni kẹta nínú ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6
Mo palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé mò ń padà sílé, kí wọ́n lè ráyè. Ó lọ sọ fún un. Adákẹ́ wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó wo àpò mi, ó sì jókòó lé e lórí.
Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ohun tó ń sọ lánàá ni pé òun nílò àkókò díẹ̀, a ó wá tún gbìyànjú. Ó ní ẹ̀yin lòun fẹ́ kó máa gún abẹ́rẹ́ òun."
Mo ní, "Sọ fún un pé aṣọ mi ń rún."
Ó sọ fún un.
Kò dìde.