Òbírí Pupa tó wà ní Ahoro Láoyè

Agbo-ilé Àkànó,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1993.

Gbénró, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ nínú òtútù Jọ́ọ̀sì. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ẹní àìsàn. Ara tèmi náà le, àfi ojú tí kò fẹ́ ríran dáadáa mọ́. Inú ààwẹ̀ la wà níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí tí mo fà á ya. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò dára, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́ ni tàbí kí n kàn gbé e kú. Jọ̀wọ́, kà á dé ìparí kí o tó ṣépè fún mi.

O rántí pé ní ìparí ọdún 1988 mo rí iṣẹ́ lébìrà lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ní Ìbàràpá, nítorí sòbìyà tó ń dá wa dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún nígbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀. Èmi ni mo ń fọ̀nà hàn wọ́n, tí mo ń gé igbó, tí mo sì ń sọ orúkọ ilẹ̀ fún ọ̀gá wa, Ọ̀gá Ayọ̀délé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó mọ òkúta bí ìyá ti mọ ọmọ. Abà yín, Abà Awóyẹmí, ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí o bá àwọn ará abà kọ láti Jọ́ọ̀sì ti dé. Mo fi ojú ara mi rí i lórí tábìlì. Wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá sí i lára, Ọ̀gá sì ti fi bírò kọ “àkọ́kọ́” sórí rẹ̀. Fi èyí sọ́kàn, Gbénró. Ìwé rẹ dé lásìkò.

Nígbà tí ọdún yí, wọ́n gbé àwòrán kan wá láti Ìbàdàn, èyí tí sátẹ́láìtì yà láti òkè lọ́hùn-ún nínú ọyẹ́. Ó fẹ̀ tó ẹní ìkírun. Ọ̀gá ṣàlàyé fún wa pé nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pupa ni ewé tútù máa ń jáde, ilẹ̀ gbígbẹ a sì rí bí eérú. Gbogbo ilẹ̀ wa, láti Ìdèrè títí dé Tápà, eérú ni. Odò Ọ̀fìkì nìkan ló là á kọjá bí okùn pupa. Ṣùgbọ́n láàrin igbó kan tí kò sí odò, tí kò sí abà, a rí òbírí pupa, ó rí róbótó bí òrùka, inú rẹ̀ sì funfun.

Ọ̀gá yí àwòrán náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi awò wò ó. Ó ní, “Kí lèyí? Ta ló fi kọ́ńpáàsì fa ilẹ̀ yín báyìí, Wàhábì?” Láńrewájú, awakọ̀ wa, gbà á lẹ́nu mi: “Àwọn bàbá ẹ̀ ni o, ọ̀gá. Ẹ ò rí i bí orí òun náà ṣe rí róbótó?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibẹ̀. Ahoro Láoyè ni, ibi tí àwọn baba ńlá wa gbé kí wọ́n tó kó wá sí Ìgbó-Ọrà.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá sàn. Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí ewé fi tutù níbẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó bi èmi tí mo lọ sẹ́kọ́ńdírì tí mo gba páàsì mẹ́ta péré, bí ìwọ náà ti mọ̀. Mo bá ki oríkì ilé wa fún un, èyí tí ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀: “Ọmọ ará Láoyè, ọmọ a-rómi-bù-lẹ́ẹ̀rùn.” Mo ní omi ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, “Wàhábì, ojú rẹ ju ti sátẹ́láìtì lọ.” Ó fi bírò kọ Láoyè sórí àwòrán náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ rí.

Ká ní àṣìṣe lásán ni, n kò ní máa kọ ìwé yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ fọ́nnu fún Ìyá Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ó ní, “Omi wo? Òùngbẹ ló lé wọn kúrò ní Láoyè. Ìyá bàbá mi ru omi láti Ọ̀fìkì títí irun fi re tán láàrin orí rẹ̀.” Mo ní, oríkì wa wá ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń fi ìyà tó jẹ èèyàn kì í? Ohun tí wọn ò rí ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú.”

Ó yẹ kí n sọ fún Ọ̀gá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo débẹ̀, mo bá a tó ń fi àwòrán náà han àwọn ọ̀gá àgbà tó wá láti Ìbàdàn, ó sì nàka sí mi. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Mo dákẹ́. Bóyá ìtìjú ni, bóyá ìgbéraga ni, bóyá mo kàn rò pé arúgbó lè ṣìrántí, n kò mọ̀. Mo ti ń yẹ ọkàn mi wò fún ọdún mẹ́rin, n kò sì rí ìdáhùn kan níbẹ̀ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ihò méjì péré ni ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ yóò gbẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa kó tó kọjá síbòmíràn. Ọ̀gá yẹ Abà Awóyẹmí sílẹ̀, ó gbé méjèèjì fún Láoyè. Ọjọ́ mẹ́fà ni a lò. Eruku ló jáde nínú àkọ́kọ́, eruku ló jáde nínú èkejì, ó funfun bíi láfún. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi, ó bu ilẹ̀, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, èédú àti àpáàdì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Àkìtàn ni, Wàhábì. Wọ́n da àkìtàn yí ilé wọn ká. Òun ni igi ń jẹ tó fi tutù.” Kò bú mi. Àmọ́ kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ, Bàbá rẹ àti ọkùnrin mẹ́rin láti abà rìn wá pàdé wa lójú títì. Bàbá ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, sòbìyà wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ewé dì. Ó ní, “Wàhábì ọmọ mi, ṣé ìwé wa ò dé ni?” Mo ní, “Ó dé, Bàbá. Ó pẹ́ ni.” Ó ní, “Gbénró ló fi falẹ̀?” Mo wolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Tíṣà ń jẹ pòtétò ní Jọ́ọ̀sì, kí ló kàn án nínú omi wa?” Bàbá yí padà, ó ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá kò fi dá èsì ìwé rẹ kankan padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tí o fi ránṣẹ́ fún Iléyá fi wà nínú àpótí rẹ̀, tí kò tú u, títí ó fi kú. O kọ̀wé sí mi nígbà yẹn, o ní, “Wàhábì, bá mi bi Bàbá ohun tí mo ṣe.” Mo dá ọ lóhùn pé ogbó ni, pé bí àgbà ti í ṣe nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá tí o dúró létí sàréè, tí o ń bi òkú ní ìbéèrè kan náà, èmi ni mo dì ọ́ lápá mú. Èsì wà lẹ́nu mi. Mo ní kí o ṣọkàn akin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sí abà kí n lè jẹ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. Gbogbo wọn kò sí mọ́. Wọ́n ti tú ká lọ sí Ìdèrè, Lánlátẹ̀, àti ibikíbi tí wọ́n ti lè rí omi mu. Hàlímọ̀ àbúrò rẹ nìkan ni mo bá, orúnkún rẹ̀ tí sòbìyà bàjẹ́ nà gbọọrọ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀bẹ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá Wàhábì, ta wá ni ẹ fẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fún?” Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. N kò rí ẹni tí mo lè dárúkọ.

N kò tọrọ àforíjì, nítorí ẹni tí ó yẹ kó gbọ́ ọ ti lọ. Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọ lójú wọn. Kí wọ́n máa bá ọ sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ ìkẹyìn rẹ.

Èmi ni ẹni tí o ń pè ní ọ̀rẹ́,
Wàhábì Àkànó.

Mo tún rántí: Wọ́n ti ṣí páànù orí ilé Bàbá lọ, ògiri sì ti ń wó. Ilẹ̀kùn nìkan ló kù, mo rù ú wá sílé kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Bí o kò bá fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, kọ ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́, n ó rù ú padà.